Adágún Omi Ẹ̀gbin: Ṣe àti Má Ṣe fún Bantè àti Savalou

Bantè àti Savalou, ní ẹkùn Collines ní ilẹ̀ Benin, kò lówó ẹ̀rọ ńlá tí ń fọ omi ẹ̀gbin, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilẹ̀, wọ́n sì ní oòrùn. Adágún mẹ́ta tí omi ń ti ọ̀kan ṣàn sí òmíràn lè tọ́jú ohun tí ọkọ̀ ń fà nínú ṣálángá, láìlo iná mànàmáná.

Ṣe: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Lásìkò òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́. Tí ọyẹ́ bá dé, láti àríwá ìlà-oòrùn. Bí adágún bá wà ní ọ̀kan nínú ìhà méjèèjì yìí, òórùn rẹ̀ yóò máa wọlé tọ̀ yín lọ́dọọdún. Ẹ gbé e sí àríwá ìwọ̀-oòrùn tàbí gúúsù ìlà-oòrùn ìlú, kó sì jìnnà sílé tó kìlómítà kan.

Ṣe: Ẹ gbẹ́ ihò ìdánwò, kí ẹ lè mọ bí ẹ ṣe lè gbẹ́lẹ̀ jìn tó. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Collines. Adágún kìíní ń fẹ́ jíjìn bíi mítà mẹ́ta, èkejì mítà kan àtààbọ̀, ẹ̀kẹta bíi mítà kan, kí oòrùn lè ríbi pa kòkòrò àrùn. Àpáta tó bá lanu a máa gbé ẹ̀gbin lọ sínú kànga, nítorí náà, ẹ fi amọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kì í dáadáa.

Má ṣe: Ẹ má kánjú tú omi sílẹ̀. Ẹyin aràn kì í tètè kú. Rírì ló ń rì, ìyẹn sì lè gbà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Bí ẹ óò bá fi omi náà rin oko, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹyin aràn inú lítà kan má ju ẹyọ kan lọ.

Má ṣe: Ẹ má da omi gàrí sí i, bí gàrí Savalou ti lókìkí tó nì! Omi tí a fún lára ẹ̀gẹ́ kan gógó, ó sì ní májèlé sáyánáìdì. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ń jẹ ẹ̀gbin kò ní yè é. Kí àwọn tó ń yan gàrí ní kòtò tiwọn.

Má ṣe: Ẹ má fàyè gba ojú oró. A máa ń gbàdúrà pé ká lékè bí i, àmọ́ bó bá lékè níbí, oòrùn ò ní ráyè, ẹ̀fọn á sì rílé.

Ṣe: Ẹ máa wo àwọ̀ adágún kejì. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ le. Bó bá di eléérú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀gbin ti pọ̀ jù fún un.

Má ṣe: Ẹ má gba gbogbo ọkọ̀ tó bá dé. Ní Ekpè, lẹ́bàá Kùtọnu, ìgbà kan wà tí ẹ̀gbin tí ọkọ̀ ń kó wá ju èyí tí wọ́n gbẹ́ adágún fún lọ: ìlú dàgbà, adágún kò dàgbà. Bí Glazoué tó múlé tì yín bá fẹ́ kó ẹ̀gbin tirẹ̀ wá, kó lọ gbẹ́ adágún tirẹ̀.

Ṣe: Ẹ gba òṣìṣẹ́ kan, kí mérì sì máa san owó rẹ̀ déédéé. Òun ni yóò máa ro koríko etí omi, tí yóò sì máa kó ìdọ̀tí tó léfòó.

Ṣe: Ẹ ṣe ọgbà yí i ká. Ọmọdé àti ewúrẹ́ kì í ka pátákó.

Má ṣe: Ẹ má kó ẹrẹ̀ tútù láti inú adágún lọ sí ebè iṣu. Ẹ sá a gbẹ, kó jókòó ju ọdún kan lọ. Ní ti omi adágún ìkẹyìn, ó dára fún igi tíìkì. Ẹ má fi rin tòmátì.