Afẹ́fẹ́ Inú Táyà Katapílà: Àárọ̀ La Fi Ń Wọ̀n Ọ́n

 

Ọ̀rọ̀ tòní lè ya ẹlòmíì lẹ́nu. Táyà katapílà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń fi ọpọ́n irin iwájú kó yangí sínú kámíọ̀, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní chargeuse. Ẹnìkan lè ní, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èmi ò ní katapílà." Ó kàn yín, jàre. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń wa yangí kì í jìnnà sí oko wa. Ọmọ wa ló ń wa ọkọ̀ náà, àbúrò wa ló ń bá wọn lẹ táyà, àwọn ìyá wa ló ń ta oúnjẹ nítòsí ibẹ̀. Bí táyà bá bẹ́, àwa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe nínú táyà?

Rọ́bà kọ́ ló ń gbé ẹrù o. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń gbé e. Nígbà tí ọpọ́n irin bá kún fún yangí, ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ lọ síwájú, táyà méjì iwájú ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀, á máa nà, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ẹ mú wáyà kan, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Á kọ́kọ́ gbóná lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn náà á já. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà ṣe ń gbóná láti inú wá, títí rọ́bà àti okùn inú rẹ̀ á fi ya ara wọn. Ọkọ̀ á máa mì bí ẹni tó mu ẹmu yó, epo tó ń jẹ á sì pọ̀ sí i.

Bí afẹ́fẹ́ bá sì pọ̀ jù, táyà á le gbandi. Kò ní lè tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá gun òkúta mímú, òkúta á gé e. Àárín rẹ̀ nìkan ni á máa kan ilẹ̀, ibẹ̀ ni á sì kọ́kọ́ jẹ tán.

Ẹ̀lòó ló yẹ kó gbà?

Nọ́mbà kan kò bá gbogbo ọkọ̀ mu. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá àti ti ẹni tó ṣe táyà ló ń sọ ọ́. Lára ọ̀pọ̀ chargeuse tí kò tóbi jù, táyà iwájú máa ń gbà tó bar 3 ààbọ̀ sí 4 ààbọ̀, tẹ̀yìn sì máa ń dín díẹ̀. Bar yìí làwọn ẹlòmíì ń pè ní kìlò. Ẹ má fi ti kámíọ̀ ṣe òdiwọ̀n, nítorí táyà kámíọ̀ lè gbà tó bar 8. Kí awakọ̀ fi ọ̀dà kọ nọ́mbà tirẹ̀ sí ara ọkọ̀, lókè táyà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì fi ẹsẹ̀ ta táyà kẹ́ ẹ ní ó le. Manomètre, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́, òun nìkan ló ń sọ òótọ́.

Ooru ọ̀sán ń tan ni jẹ

Ẹ gbọ́ ohun tó máa ń wáyé níbi iṣẹ́. Lọ́sàn-án gangan, ọmọ iṣẹ́ á fi manomètre sẹ́nu táyà.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó! Bar 4 la bá a láàárọ̀, ó ti di 4 ààbọ̀. Ṣé kí n tú díẹ̀ dànù?"

"Má fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ooru ló fi ìyẹn kún un, tó bá tutù á padà síbi tó wà."

Ọ̀gá yẹn mọ ohun tó ń sọ. Bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá gbóná, ó máa ń fẹ́ wú. Táyà tó wà ní bar 4 láàárọ̀, bó bá fi nǹkan bí 30°C gbóná sí i, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kà 4 ààbọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pọ́ǹpù rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá tú ààbọ̀ yẹn dànù, bar 3 ààbọ̀ péré ló máa bá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Táyà náà á tún gbóná ju ti àná lọ, wọ́n á tún tú u. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ba táyà olówó gọbọi jẹ́, tí wọ́n sì rò pé àwọn ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, àárọ̀ ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. Táyà ńlá kì í tètè tutù, ìsinmi ọ̀sán kò tó o. Tó bá gbóná, tí nọ́mbà rẹ̀ sì tún dín, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ó ń jò níbì kan nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹ dá ìdérí fáàfù padà kí eruku yangí má baà wọlé.

Ibi tí ikú wà

Ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Èyí tó kù, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Jante, ìyẹn irin tí táyà katapílà wọ̀, kì í sábà jẹ́ irin kan ṣoṣo. Wọ́n tò ó pọ̀ ni, òrùka irin kan ló sì dì í mú. Ní bar 4, ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní ìbú, afẹ́fẹ́ ń fi agbára tó tó ìwúwo 400 kìlò tì í. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ nìyẹn, lórí àtẹ́lẹwọ́ kan! Bí òrùka yẹn kò bá jókòó dáadáa, ó lè fò jáde bí ọta ìbọn nígbà tí wọ́n bá ń pọ́ǹpù, kó sì pa ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

Ẹ di márùn-ún yìí mú:

1. Táyà tó ti ṣiṣẹ́ nígbà tí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ, ẹ má kàn pọ́ǹpù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yọ ọ́, kó wo inú rẹ̀.

2. Inú àgò irin ni kí wọ́n ti pọ́ǹpù táyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, pẹ̀lú rọ́bà gígùn tó lè di fáàfù mú fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níbi tí òrùka kọjú sí.

3. Ẹ má fi òòlù lu òrùka nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú táyà. Kí gbogbo afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ jáde tán, kí wọ́n sì yọ ọkàn fáàfù.

4. Ẹ má jó irin jante pọ̀ nígbà tí táyà ṣì wà lára rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Iná náà á sun rọ́bà láti inú, èéfín rẹ̀ sì lè bú gbàù.

5. Táyà tó bá ń rú èéfín, ẹ sá jìnnà. Ẹ má sún mọ́ ọn láti wò ó.

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń lẹ táyà alùpùpù létí títì, bí wọ́n bá wá fi owó ńlá pè yín sí táyà katapílà, kò sí ìtìjú nínú kẹ́ ẹ sọ pé, "Iṣẹ́ yìí ju irinṣẹ́ mi lọ." Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn láti yí katapílà ká.

Fún ẹgbẹ́ olùgbọ́ láti jíròrò

Kí ló dé tí kò fi yẹ ká tú afẹ́fẹ́ dànù lọ́sàn-án? Níbi tí wọ́n ti ń wa yangí lọ́dọ̀ yín, ta ló ń pọ́ǹpù táyà, ibo ló sì máa ń dúró sí? Ta ni ẹgbẹ́ yín máa rán lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ sọ̀rọ̀?

Ìṣọ́ra loògùn ewu. Ó dìgbà kan ná.