Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: Bí Mẹkáníìkì Bá Ní Gíà Ọkọ̀ Yín Ti Kú

 

Ẹ̀kọ́ òṣùwọ̀n àti ẹ̀kọ́ àjọ la sábà máa ń ṣe lójú ewé yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Púpọ̀ nínú wa ni kò háyà ọkọ̀ ẹlẹ́rù mọ́. A ti kó àjọ, a ti ra bọ́ọ̀sì tiwa. Ó dára bẹ́ẹ̀, owó ẹrù dínkù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mẹkáníìkì bá nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, tó ní, "Màámi, gíà yín ti kú o," ọjọ́ náà ni owó ọjà máa ń bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ojú mi ló rí i, àpò mi ló sì san án.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Gàrí ni mò ń tà ní Mile 12, Ìjẹ̀bú ni mo ti ń kó o. Ní ọdún 2022, bọ́ọ̀sì mi, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí gíà rẹ̀, ń kó gàrí bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè díẹ̀, kó tó kan Ṣàgámù, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ ò rìn. Dírẹ́bà mi ní bí òun ṣe ń tẹná tó, ariwo lásán ló ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí ẹrù tó dé ọjà.

Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí mo ti ń bá ṣe láti bí ọdún mẹ́rin. Kò wà á wò. Ó gbọ́ ohun tí dírẹ́bà sọ, ó ní, "Màámi, gíà ló kú. Ẹ jẹ́ ká ra tòkunbọ̀ kan." Ó ní ₦150,000 ni gíà, ₦25,000 sì ni owó iṣẹ́. Owó tí mo fẹ́ fi ra gàrí lọ́sẹ̀ yẹn ni mo kà lé e lọ́wọ́. Mi ò gba rìsíìtì. Mi ò tẹ̀ lé e dé Ládípọ̀. Mi ò ní kó kó gíà àtijọ́ wá kí n fojú rí i. Mo ní, "Ọmọ mi ni, kò lè ṣe mí báṣubàṣu."

Ọjọ́ 23 péré lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tún ń pariwo láìrìn. Ohun kan náà, bó ṣe ṣe mí lákọ̀ọ́kọ́ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi. Mo ti fi gèlè dì mọ́dìí, mo sì ti ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì mìíràn pé kó wá tú gíà náà kí a wo inú rẹ̀. Ìyá Alálùbọ́sà tó jókòó sí ọ̀dọ̀ọ́kán mi ló pè mí. Ó ní, "Ìyá Onígàrí, jókòó ná. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá fi sípánà kan gíà yẹn báyìí, ọ̀rọ̀ ẹ ti bàjẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ẹni kejì ló bà á jẹ́. Ta ló máa jẹ́rìí ẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbà mí. A lọ bá alága àwọn mẹkáníìkì àdúgbò náà. Alága pe mẹkáníìkì mi, ó sì tún pe ẹnì kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ gíà nìkan ló ń ṣe, láti ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Gbogbo wa dúró ti ọkọ̀ náà.

Ọ̀gá oní-gíà yìí ò tilẹ̀ wo gíà lákọ̀ọ́kọ́. Ó gbé ọkọ̀ síbi tí kò séèyàn níwájú rẹ̀. Ó fa háńdì búréèkì sókè dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì, ó fi ọkọ̀ sí gíà kẹta, ó sì ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí kílọ́ọ̀ṣì bá dára, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kú. Ẹ́ńjìnnì ò kú. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sóhun tó dè é. Ó ní, "Kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀." Nígbà tí wọ́n sọ gíà kalẹ̀, pílétì kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ títí dé ìṣó rẹ̀. Ó ní bóyá nígbà tí wọ́n ń dá gíà padà lọ́jọ́sí ni wọ́n tún kílọ́ọ̀ṣì fún díẹ̀, òun ló jẹ́ kó rí ọjọ́ 23 yẹn lò.

Mo wá bèèrè pé, "Gíà tí mo sanwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́?" Mẹkáníìkì mi búra pé òun pààrọ̀ rẹ̀. Gíà tó wà níbẹ̀ dúdú, ó sì ti gbó. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ náà a máa dúdú, a sì máa gbó. Alága yíjú sí mi, ó ní, "Màámi, kí ni àmì tí ẹ ní?" Ẹnu mi wọhò. Mi ò ní rìsíìtì, mi ò rí ti àtijọ́, mi ò mọ nọ́ńbà tó wà lára èyíkéyìí.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ ni pé kí ó ra pílétì kílọ́ọ̀ṣì tuntun, kí ó ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì dá ₦60,000 padà fún mi ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ó dá a padà. Ìyókù wọgbó. Títí dòní, mi ò lè sọ bóyá ó jalè ni, tàbí kò mọ iṣẹ́ tó. Àìlẹ́rìí ló fà á.

KÍ LÓ YẸ KÁ MỌ̀ NÍPA GÍÀ?

Àwa tó ń tà á mọ̀ pé gbogbo gàrí tó bá ti kan kọ́ ló ti bàjẹ́. Bákan náà, gbogbo ọkọ̀ tí kò bá rìn kọ́ ni gíà rẹ̀ kú.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí gíà, kílọ́ọ̀ṣì ló so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo tí ọkọ̀ ò sáré, pàápàá lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni ká kọ́kọ́ fura sí. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti gíà. Ṣùgbọ́n bí gíà bá ń fò jáde fúnra rẹ̀, tó ń han bí irin tó ń jẹ irin tí a bá fẹ́ kó o wọlé, tàbí tó ń hu lábẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ, a jẹ́ pé inú gíà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà mìíràn, ọ́ìlì gíà ló ti jò tán láti ojú síìlì tó ti gbó. Ẹ ní kí wọ́n wo ọ́ìlì ná.

Ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ọtọmátíìkì, ọ́ìlì rẹ̀ lẹ̀mí rẹ̀. Ọ́ìlì tó dára sábà máa ń pọ́n, ó sì máa ń mọ́. Bó bá ti dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó lè jẹ́ pé àwọn pílétì inú rẹ̀ ti ń jóná. Bí wọ́n bá sọ àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ẹ wò ó pẹ̀lú wọn. Ẹbu eérú díẹ̀ kì í ṣe ohun ìbẹ̀rù, àmọ́ bí ẹ bá rí èérún irin, nǹkan ti ṣe inú rẹ̀. Oríṣiríṣi ọ́ìlì ló sì wà. Èyí tí ìwé ọkọ̀ bá dárúkọ ni kí wọ́n rọ sí i, nítorí ọ́ìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè ba gíà tó dára jẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ ọtọmátíìkì tí táyà tó ń gbé e rìn ṣì wà nílẹ̀. Ìwọ́kúwọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lè pa gíà náà ráúráú.

KÍ WỌ́N TÓ TÚ U

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kò sí ẹni tó ń ra ẹ̀wà nínú wa tí kì í ti ọwọ́ bọ inú àpò dé ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún gíà náà.

1. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà, kí dírẹ́bà yín jókòó tì í. Ẹni tí kò bá wà á wò, kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún wò ó láìtú u. Owó tí ẹ máa fún un kéré sí owó gíà.

3. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó bàjẹ́, ohun tó fẹ́ rà, bóyá tuntun ni tàbí tòkunbọ̀, iye owó ọjà, iye owó iṣẹ́, àti iye ọjọ́ tí òun fi máa dúró ti iṣẹ́ náà. Bí ẹ ò bá mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ ọ́, kí mẹkáníìkì fọwọ́ sí i.

4. Ẹ kùn gíà àtijọ́ ní ọ̀dà síbi tí ojú ti lè rí i, kí ẹ sì fi fóònù ya nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹ ya ti èyí tí wọ́n rà náà kó tó wọ inú ọkọ̀.

5. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta gíà. Ẹ sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ ó kó gíà àtijọ́ lọ sílé. Oníirin á rà á, owó ni.

6. Ẹ má san gbogbo owó iṣẹ́ títí ọkọ̀ á fi gbé ẹrù gun òkè kan.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ BÁ TÚN BÀJẸ́

Ẹ dá ọkọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ń fi tipátipá lò ó, ó lè ba ohun tí kò bàjẹ́ jẹ́, wọ́n á sì ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ṣe é, kí ẹ tún fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, kí ẹ sì pa á mọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn tú gíà náà láìjẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, tàbí pé ẹ ti pè é níwájú ẹlẹ́rìí tó kọ̀ tí kò wá. Ẹ fún un láyè láti tún un ṣe. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

IBI TÍ Ẹ LÈ GBÉ Ọ̀RỌ̀ LỌ

Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ni àkọ́kọ́, nítorí wọn kì í fẹ́ kí orúkọ wọn bàjẹ́. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, ní Èkó, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà láti ọdún 1999. Wọ́n ń bá èèyàn parí ìjà láìgba kọ́bọ̀.

Òfin náà wà lẹ́yìn wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ Federal Competition and Consumer Protection Act, ti ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá ta ọjà àlòkù gbọ́dọ̀ sọ pé àlòkù ni, kí ó sì fún oníbàárà ní ìwé owó. Ó ní bí iṣẹ́ tí èèyàn sanwó fún kò bá dára tó, oníbàárà lè ní kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n dá apá kan tó tọ́ padà nínú owó náà. Àjọ FCCPC ló ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀.

Ní Èkó kan náà, Small Claims Court bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 lábẹ́ kóòtù Májísíréètì, fún ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ẹ lè ro ẹjọ́ yín fúnra yín láìní lọ́yà. Ẹ ó kọ́kọ́ kọ ìwé béèrè owó yín lọ́wọ́ ẹni náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí: iye owó tó dájú ni ẹ ó béèrè, ẹ ó sì fi ìwé ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Kò síbi tí ẹ máa dé tí wọn ò ní bi yín ní ìbéèrè tí alága bi mí: "Kí ni àmì tí ẹ ní?"

Mi ò sọ pé olè ni gbogbo mẹkáníìkì o. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi òógùn jẹun bíi tiwa. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú pé wọ́n ní kó kọ̀wé. Ẹni tó bá sì ní, "Màámi, ṣé ẹ ò gbà mí gbọ́ ni?" ẹ dá a lóhùn pé, "Mo gbà ẹ́ gbọ́, ọmọ mi. Kọ ọ́."

ÌBÉÈRÈ TÍ A Ó JÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀, kì í ṣe gíà ló kú?
2. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí ẹlòmíràn tú gíà kí ẹni àkọ́kọ́ tó rí i?
3. Nínú ohun mẹ́fà tí a kà sílẹ̀, èwo ni ẹ kì í ṣe? Ẹ sọ òtítọ́.

Ẹ bá wa ka ẹ̀kọ́ yìí sétí àwọn tí kò mọ̀wé kà nílé ọjà yín, kí ẹ sì pe àwọn dírẹ́bà náà kí wọ́n wá gbọ́. Ọkọ̀ wa kò ní dá wa dúró sọ́nà. Àmín o.