Kí Ẹ Tó Ra Ojú Fóònù Tuntun

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀kọ́ ti ọ̀tẹ̀ yìí kan owó àpò wa. Bí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì bá ṣókùnkùn, tí ó ń ṣẹ́jú, tàbí tí ọ̀rọ̀ gun orí ara wọn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ni a máa ń sáré lọ. Ẹ má tíì sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán ohun tó wà lójú fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ óò tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tan fóònù pọ̀ mọ́ èyí tí ń dín ohùn kù. Ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn. Bí àbàwọ́n náà bá hàn níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú fóònù yín kọ́ ló bàjẹ́. Bí àwòrán bá mọ́ kedere lọ́hùn-ún, a jẹ́ pé ojú fóònù fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti 0 kí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ lè padà bó ṣe yẹ (àwọn ọmọdé ló sábà máa ń fọwọ́ kàn án). Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti R, kí ojú ìwé náà lè wá lọ́tun. Bí ó bá ṣì ń ṣẹ́jú nínú Chrome, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà System, kí ẹ pa graphics acceleration, kí ẹ sì tún Chrome ṣí. Bí ara rẹ̀ bá yá, ó ṣeé ṣe kí ètò tó ń darí àwòrán nínú kọ̀ǹpútà ti gbó. Ẹ sọ ọ́ di tuntun. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ti lẹ́tà Yorùbá ló ṣòro jù. Ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: nọ́ńbà méjì ni a so pọ̀ láti kọ ọ́. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò kò bá mọ bí a ti ń gbé e lé orí. Bí ẹ bá rí àpótí kékeré, lẹ́tà náà pé. Ohun tí a fi ń yà á ni kò sí. Bí ẹ bá rí áº¹ níbi tí ẹ yẹ kó wà, UTF-8, ìlànà tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ni wọ́n fi kọ ọ́, òmíràn ni bùráúsà fi ń kà á. Nínú Firefox, ẹ wá Repair Text Encoding lábẹ́ View.

Àmì ìbéèrè ni ẹ bẹ̀rù. Bí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé bá sọ Ṣọlá di ??lá, lẹ́tà ti sọnù pátápátá, kò sí bọ́tìnì tó lè mú un padà. Ẹ má fi irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ Sola láìsí àmì, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ náà.