Gbohùngbohùn tí kò Lo Òòfà

Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1935, irin òòfà ni ó ń mú àpótí rẹ̀ fọhùn. Oríṣi mìíràn wà tí kò lò ó. Nígbà ọyẹ́, òòyà oníke tí a fi ya irun gbígbẹ a máa fa ègé bébà mọ́ra. Agbára yìí náà ni.

A óò na awọ oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín irin pẹlẹbẹ méjì tí a lu ní ihò, kí ohùn lè jáde. Awọ kò gbọdọ̀ kan irin. A óò fi iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì sí awọ. Bí orin bá dé, irin kan a fà á, èkejì a tì í, wọn a sì pààrọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ojú awọ a mì lẹ́ẹ̀kan náà (ti gángan kò rí bẹ́ẹ̀, ojú kan ni kọ̀ǹgọ́ ń bà), ohùn a sì mọ́ gaara. Irú rẹ̀ tí Peter Walker gbé jáde ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní 1957 lókìkí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ a máa ni ín lára, àfi bí awọ bá fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ẹni tí yóò kan ọ̀kan ní Command níhìn-ín, kí ó ṣọ́ra fún ọ̀rinrin òjò, tí í mú iná jò, àti eruku. Bí ó bá sì pa á, kí ó má tètè fọwọ́ kàn án. Iná náà kì í yára kúrò.