Ẹ̀kọ́ Lórí Èso àti Oyin fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Dín Ìwúwo Ara Rẹ̀ Kù

Ní ìgbà Lẹ́ńtì ọdún tí ó kọjá, àwa kọ́ni ní ohun kan ní kíláàsì Bíbélì, èyí tí a fẹ́ fi ẹ̀kọ́ oṣù yìí tún ṣe. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ, ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé kí ó dín ìwúwo ara rẹ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, bi wá léèrè bóyá òun lè máa jẹ èso àti oyin níwọ̀n ìgbà tí òun ti pa ṣúgà tì. Láì ronú jinlẹ̀, àwa ṣí ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 1 ẹsẹ 29, níbi tí Ọlọ́run ti fi èso igi fún ènìyàn ṣe oúnjẹ, a sì dá a lóhùn pé ohun tí Ọlọ́run fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kò lè mú ni sanra, kí ó máa jẹ, kí ó sì máa mu, bí ó ti wù ú. Ìyá náà gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń fún omi ọsàn kún ife ńlá méjì, ó sì ń bu oyin ṣíbí mẹ́ta sí ẹ̀kọ gbígbóná ní òwúrọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 ó lọ wọn ara rẹ̀. Kílò 92 ti di 94. Kò bínú sí wa. Ó kàn béèrè pé, “Olùkọ́, ṣé Ọlọ́run ni ó ṣì í ni, tàbí ẹ̀yin?”

Àwa dáhùn pé, “Àwa ni, ìyá wa.” Láti ọjọ́ náà ni a ti jókòó ti ọ̀ràn yìí kí a lè mọ ibi tí a ti ṣìnà.

Ohun èkíní tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé adùn inú èso, adùn inú oyin, àti adùn inú ṣúgà, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní iyọ̀ òyìnbó, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Glucose àti fructose ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe méjì tí ó ṣe pàtàkì jù nínú wọn, a sì ń rí méjèèjì nínú ọsàn, nínú oyin, àti nínú ìrèké tí a fi ń ṣe ṣúgà. Nígbà tí wọ́n bá dé inú ẹ̀jẹ̀, ara kò bi wọ́n léèrè bóyá láti orí igi ni wọ́n ti wá tàbí láti ilé iṣẹ́. Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ti ṣubú, nítorí àwa rò pé orúkọ Ẹlẹ́dàá tí ó wà lára nǹkan ti sọ ọ́ di ohun tí kò ní ìwọ̀n.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré lọ sọ ìbẹ́pẹ rẹ̀ nù. Ìyàtọ̀ ńlá ń bẹ, ohun tí ó sì yí adùn náà ká ni ìyàtọ̀ náà wà. Ẹ mú ọsàn kan tí ó tó ìwọ̀n gíráàmù 130. Ṣúgà inú rẹ̀ tó gíráàmù 12, agbára tí ó sì ń fún ara kò ju bíi kálórì 60 lọ. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àti àwọn okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní fáíbà, èyí tí ikùn kò lè tètè lọ̀. Ẹnu ní láti jẹ ẹ́, ikùn ní láti bá a jìjàkadì, ṣúgà rẹ̀ sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ ọsàn méjì báyìí yóò mọ̀ pé òun ti jẹun. Nísinsin yìí ẹ fún ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ife kan. Ṣúgà inú ife náà ti tó gíráàmù 20, bí ṣíbí tíì 5. Okùn rẹ̀ ti kù sínú asẹ́, a sì ti gbé e mì kí a tó ka ẹsẹ Sáàmù kan tán. Ní ọdún 1977, Haber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí a ń pè ní Lancet. Wọ́n fún àwọn ènìyàn 10 ní èso ápù odindi, wọ́n fún wọn ní èyí tí a gún, àti omi rẹ̀ nìkan. Ìlọ́po 11 ni mímu omi ápù fi yá ju jíjẹ odindi rẹ̀ lọ, kò sì tẹ́ ikùn lọ́rùn tó o.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àṣà wa pẹ̀lú. Àwa a máa bẹ ọsàn, a gé orí rẹ̀, a fún un sẹ́nu, a sì sọ ìyókù sínú pàǹtí. Ẹni tí ó bá jẹ ọsàn mẹ́fà báyìí lábẹ́ igi, omi ọsàn ni ó mu. Ara ọsàn gan-an, èyí tí ìbá dá a dúró, wà nílẹ̀ fún àwọn ewúrẹ́. Ó sàn kí a bó o, kí a là á, kí a sì jẹ ẹ́ tán.

Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀lé ìyàtọ̀ yìí nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015. Wọ́n ní kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ, pẹ̀lú ti oyin àti ti omi èso, má ṣe tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ òòjọ́ wa. Fún ẹni tí ń jẹ kálórì 2,000, èyí jẹ́ gíráàmù 50. Wọ́n tún dámọ̀ràn pé bí ó bá lè mọ ní ìdajì èyí, ó dára jù. Wọn kò ka ṣúgà inú odindi èso mọ́ ọn rárá. Ní ọdún kan náà, àwọn olùwádìí tí wọ́n tẹ̀lé àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n lé ní 130,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé àwọn tí wọ́n fi kún èso jíjẹ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sanra tó àwọn ìyókù.

Oyin ńkọ́? Ṣíbí ọbẹ̀ kan jẹ́ kálórì 64, tí ṣúgà inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 17. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà oyin yóò rán wa létí Jónátánì nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 14, ẹni tí ojú rẹ̀ là nígbà tí ó tọ́ oyin wò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n jagunjagun ni Jónátánì, ó ti ń jà láti òwúrọ̀ láì jẹun. Àwa tí a jókòó sí ìdí tábìlì láti aago mẹ́jọ, kí ni a fẹ́ fi agbára náà ṣe? Ìwé Òwe orí 25 ẹsẹ 16 ni ó bá wa mu, nítorí níbẹ̀ ni a ti fún oyin ní ìwọ̀n.

Ìwọ̀n kan náà yẹ fún èso, nítorí kò rí bákan náà. Gíráàmù 100 bàrà olómi jẹ́ kálórì 30, ti ìbẹ́pẹ 43, ti mángòrò 60, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bíi 90. Píà jẹ́ 160, nítorí òróró inú rẹ̀. Dàbínù gbígbẹ sì jẹ́ bíi 280, nítorí omi ti kúrò lára rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì kò ṣe ni ní ibi, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí í jẹ ẹ́ láìsí ẹ̀pà? Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan, gíráàmù 30, jẹ́ kálórì 170. Bẹ́ẹ̀ ni dòdò: òróró tí ó mu lórí iná ni kí á bẹ̀rù ju adùn rẹ̀ lọ. Èso tí a sì jẹ lé orí àmàlà tí a kò dín kù, ẹrù ni a fi kún ẹrù. Ó gbọ́dọ̀ gba ipò nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ pé adùn ẹnu nìkan ni ó ń wu ni, àgbayun ń bẹ nínú oko wa, èyí tí í mú kí ohun kíkan dùn lẹ́nu láìsí ṣúgà. Àwa ti fi mu ẹ̀kọ, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Àwọn tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń lo oògùn tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yí oúnjẹ wọn padà nítorí ohun tí wọ́n kà níhìn-ín.

Ìyá wa fi omi ọsàn àti oyin sílẹ̀. Ọsàn méjì ni ó ń jẹ lóòjọ́, pẹ̀lú ara rẹ̀, ó sì dín òkèlè alẹ́ kù sí ìdajì. Nígbà Ìkórè ó ti di kílò 89. Ní ọjọ́ náà, nígbà tí a ń ta àwọn ẹrù Ìkórè ní gbàngba, òun ni ó ra ìgò oyin tí ó tóbi jù. Ó rí i pé a ń wo òun, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní ti ikọ́ bàbá ni.