Kí Ọmọ Ẹja Tuntun Tó Wọ Tánkì: Ẹ̀kọ́ Lórí Kòkòrò Afòmọ́ Ara Ẹja Àrọ̀

Nígbà tí mo wà ní ìpele kẹta, mo ra ọmọ ẹja àrọ̀ 300 wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Agége. Tánkì ike méjì ló wà níbẹ̀. Ẹja tí ìyá mi ti ń sìn bọ̀ wà nínú ọ̀kan. Mo da àwọn tuntun sínú èkejì. Ṣùgbọ́n àwọ̀n kan ṣoṣo àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo la ní, tánkì méjèèjì la sì ń lò wọ́n fún. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, àwọn tuntun ti ń kú, ti ìyá mi náà kò sì jẹun mọ́. Owó ẹja yẹn la fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àbúrò mi.

Mo gé díẹ̀ lára gill ẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ìyẹn ohun pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹja fi ń mí, mo sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Kòkòrò kéékèèké ń nà, wọ́n ń súnkì, wọ́n sì fi ìkọ́ di ẹran ẹja mú. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ti inú omi náà nìyí.

Irú méjì tó yẹ ká mọ̀

Monogenea ni a ń pe ẹ̀yà yìí ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn tó mìlímítà kan. Ẹni tó bá ka ìwé Ilan Paperna lórí àrùn ẹja Áfíríkà, èyí tí àjọ FAO tẹ̀ jáde lọ́dún 1996, yóò bá méjì pàdé tó ń gbé ara ẹja àrọ̀.

Àkọ́kọ́ ni Quadriacanthus, tó ń gbé inú gill. Ẹyin ló ń yé. Ẹyin náà a pa nínú omi, ọmọ a sì lúwẹ̀ẹ́ lọ wá ẹja tí yóò lẹ̀ mọ́.

Èkejì ni Macrogyrodactylus. Òun kì í yé ẹyin, ọmọ ààyè ló ń bí. Kí ìyá tó bí ọmọ náà, ọmọ mìíràn ti lè máa dàgbà nínú ikùn ọmọ yẹn. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀ fi ń di púpọ̀ kíákíá.

Ìdí tí oògùn ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó

Mo fi iyọ̀ wẹ ẹja wa lẹ́ẹ̀kan, ara wọn yá, mo sì dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìṣòro náà padà dé. Iyọ̀ dín àwọn kòkòrò tó ti dàgbà kù, ṣùgbọ́n èèpo ẹyin le, oògùn kì í tètè ràn án. Ẹyin tó ṣẹ́ kù ló pa.

Àwọn tó ń sin iyùn òkun nínú gíláàsì nílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ ẹ̀kọ́ yìí. Kòkòrò pẹlẹbẹ kan, Prosthiostomum acroporae, máa ń jẹ iyùn tí a ń pè ní Acropora. Tí wọ́n bá ri iyùn náà sínú omi oògùn, kòkòrò a já bọ́, ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ á ṣì lẹ̀ mọ́ ara iyùn. Wọ́n ní láti tún un ṣe léraléra. Bákan náà ni ti wa.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14 sí 21, kí o sì ya àwọ̀n, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti okùn tí o fi ń fa omi wọn sọ́tọ̀ pẹ̀lú.

2. Máa wo ìṣe wọn. Ẹja àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi, nítorí náà ó lè pẹ́ kí ẹni tó ń sìn ín tó mọ̀ pé gill ti bàjẹ́. Tí wọ́n bá ń wá sójú omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n ń fi ara họ tánkì, tàbí tí ara wọn ń yọ̀ ju bó ṣe yẹ, gbé ọ̀kan lọ sábẹ́ maikirosíkóòpù.

3. Fún ìwẹ̀ iyọ̀, po gíráàmù 10 mọ́ líta omi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn gíráàmù 200 nínú líta 20. Gbìyànjú rẹ̀ lára ẹja díẹ̀ ná. Má ṣe kọjá ìṣẹ́jú 10, má sì kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá ń dojú dé, tètè dá a padà sínú omi tó mọ́.

4. Tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 4 sí 7, kí ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa má baà dàgbà débi tí yóò yé ẹyin tirẹ̀. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá wẹ̀ wọ́n, fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ tánkì jáde.

5. Má ṣe dédé da formalin sí tánkì. Ó ń dín afẹ́fẹ́ inú omi kù, ó sì léwu fún ojú àti èémí ènìyàn. Kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ rẹ.

Ẹja 112 ló ṣẹ́ kù nínú 300 mi. Àwọ̀n kejì tí mi ò rà kò tó owó ẹja márùn-ún.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Tó bá jẹ́ Macrogyrodactylus nìkan lo rí, tí kò sí Quadriacanthus, kí ni yóò yí padà nínú ìgbésẹ̀ kẹrin, kí sì nìdí?