Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, mo rí òwe yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ìdíkọ̀ CMS, nígbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan fi owó bébà kan ṣoṣo so ọ̀dọ́mọkùnrin kan pọ̀ mọ́ ìyá arúgbó kan, pé kí wọ́n lọ wá ṣéńjì pín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ìbínú kọ lu ìyá náà, iṣan ọrùn rẹ̀ ta. Ìyá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó wojú rẹ̀ dáadáa, ó ní, “Ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ọ́. Ṣé o ti jẹun láti àárọ̀?” Ọmọ náà dákẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ẹ má bínú, mà. Òní ni wọ́n ní kí n máa lọ sílé níbi iṣẹ́.” Ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà ni wọ́n ti rí ṣéńjì.

Ìyá yìí mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ọmọ náà ń bá jà. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àìní rẹ̀ ti ba ìlú jẹ́ rí.

Láti CMS dé Ìgà Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, kò jìnnà. Nínú ìdílé ọba ibẹ̀ láyé àtijọ́ ni Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Òṣìnlókun, ti gba obìnrin tí Elétù Òdìbò fẹ́ fi ṣe aya. Elétù, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn afọbajẹ, kò sì gbàgbé, tó bẹ́ẹ̀ tí adé fi ń ré Kòsọ́kọ́ kọjá, títí wọ́n fi fi Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, jọba ní 1841. Akítóyè ṣàánú: ó pe Kòsọ́kọ́, tí ó ti kúrò nílùú, padà wálé, ó sì fi í joyè; nígbà tí Elétù bínú lọ sí Àgbádárìgì, ó tún pe òun náà padà. Inú rere ni, mo sì yìn ín. Ṣùgbọ́n egbò tí ó wà nínú Kòsọ́kọ́ àti Elétù kò jinná, ewé lásán ni a fi bò ó. Ní 1845, Ogun Olómiró bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kòsọ́kọ́ pa Elétù, Akítóyè sì sá kúrò nílùú, ó lọ wá ìrànlọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi àgbá ọkọ̀ ogun fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè fọwọ́ síwèé, Èkó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òwò ẹrú àti ojúkòkòrò àwọn àjèjì wà nínú rẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìjà ilé ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Nítorí náà, ìwọ tí inú ń bí, kí o tó lanu, bi ara rẹ léèrè ohun tí ó ń dùn ọ́ gan-an: ebi ni, ìtìjú ni, àbí ẹ̀rù? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí o fẹ́ bú kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo ojú ẹni tí ó wà níwájú rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tútù ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní í yọ ọfà lápó.

Ẹ̀yin olórí ẹbí tí ẹ ti parí ìjà fún ọmọ méjì, tí wọ́n sì ń kí ara wọn láìwojú ara wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ tún pè wọ́n jókòó ní alẹ́ òní, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí ó dùn ún, kí èkejì sì gbọ́ ọ dé òpin.